Kókó tí wọ́n gé, kí ni ìwé rẹ̀ wí?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa lọ́jà!   Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí ojú gọ́tà. Ọ̀rọ̀ ọyàn wa ni.

Ẹ ó rántí arábìnrin wa tí a sin lọ́dún tó kọjá. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìsọ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ibi tí mo ti ń ta èlùbọ́. Kókó kékeré kan ló yọ sí i lọ́yàn òsì. Kò dùn ún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa sọ, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n gé kókó náà, wọ́n rán ojú rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Inú wa dùn, a dúpẹ́, a sì jẹ ìrẹsì. Kò sí ẹni tó béèrè pé kókó tí ẹ gé yìí, níbo ló wà? Kí ni ẹ bá nínú rẹ̀? Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, tí mo gbé bíírò dání, n kò béèrè.

Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan náà padà. Ó ti wọ abẹ́ abíyá, ó ti dé egungun. Ilé ìwòsàn kejì tí a gbé e lọ ni wọ́n ti bi wá pé, "Ìwé àyẹ̀wò ti àkọ́kọ́ dà?" A wo ojú ara wa. Ìwé kankan kò sí. Wọ́n ti da kókó náà nù.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Nígbà tó kú, a ra aṣọ ẹgbẹ́, a san owó kánópì, a gbé oúnjẹ lọ, a jó. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò wa. Ìdá kékeré nínú owó tí a ná sí òkú rẹ̀ ì bá ti san owó àyẹ̀wò yẹn nígbà tó wà láàyè. A fi ete sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí, pé kí ẹgbẹ́ wa yí ọwọ́ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbà fún mi bí ẹ kò bá mọ ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá. Ọmọ àbúrò mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì, ó là á yé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà bó ṣe yé mi ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ara wa kì í ṣe odidi kan bí òkè Olósùnta. Ẹyọ ẹyọ kéékèèké ló para pọ̀ di ara, wọ́n pọ̀ ju hóró gààrí inú àpò lọ, ojú lásán kò sì lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì máa ń pín sí méjì nígbà tí ara bá nílò òmíràn, bí ìgbà tí ọgbẹ́ bá ń jiná, tàbí tí ọyàn aboyún bá ń múra sílẹ̀ fún wàrà. Nígbà tí ara kò bá nílò rẹ̀ mọ́, ó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ta ló ń sọ fún un pé ó tó àkókò láti pín, tàbí pé ó tó gẹ́ẹ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù ti wọlé.

Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú ara tó ń mú nǹkan yí padà kíákíá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í bá iṣẹ́ náà tán. Ẹ bu iṣu sísè sẹ́nu, ẹ má tíì gbé e mì, ẹ máa rún un lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ó rí i pé adùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ yín ló ń sọ iṣu di ṣúgà yẹn. Àwa Èkìtì tí a mọ iyán, a ti ń bá ẹ́ńsáìmù gbé tipẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ti oúnjẹ. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Káínéèsì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ẹ fi wé ẹni tó ń fi ẹfun sàmì sí agbọ̀n ẹni tó ti sanwó ọjà. Káínéèsì á lẹ àmì kan tó ń jẹ́ fọ́sífeètì mọ́ ẹnikejì rẹ̀ lára. Ẹni tó gba àmì á jí, òun náà á lọ jí ẹlòmíràn, báyìí báyìí títí iṣẹ́ á fi dé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì níbi tí ìwé àṣẹ wà, pé "Pín sí méjì!" Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wà tí tiwọn jẹ́ láti pa àmì náà rẹ́ kí ariwo lè rọlẹ̀. Bí ẹni tó ń sàmì bá pọ̀ jù, tàbí tí ẹni tó ń pa á rẹ́ kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà ti dàrú nìyẹn. Ìdàrúdàpọ̀ yẹn wà lára ohun tó ń bí jẹjẹrẹ.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn lórí ọ̀rọ̀ ọyàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní HER2. Ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló ń dúró sí bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà: orí rẹ̀ wà níta, ìdí rẹ̀ wà nínú ilé, ìdí yẹn ló sì ń ṣe iṣẹ́ káínéèsì. Sẹ́ẹ̀lì ọyàn tí ara rẹ̀ dá ní ìwọ̀nba rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn kan, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣe HER2 ti di ẹ̀dà púpọ̀, HER2 wá kún ara sẹ́ẹ̀lì bámúbámú. Ẹ wò ó bí ìgbà tí akígbe ọgọ́rùn-ún bá ń lu agogo ní Ọjà Ọba lójú kan náà, tọ̀sán tòru. Sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ju "pín, pín, pín" lọ. Kókó á máa dàgbà kíákíá, á sì máa ránṣẹ́ ara rẹ̀ lọ síbòmíràn nínú ara.

Ní 1987 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Dennis Slamon, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn obìnrin tí kókó wọn ní HER2 àpọ̀jù, àìsàn wọn ń tètè padà, wọ́n sì ń tètè kú. Ní 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ trastuzumab, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Herceptin. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ni láti di HER2 mú ní orí níta, kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun inú ara sì lè rí ibi tí wọ́n á kọlù. Oríṣi jẹjẹrẹ tó wà lára èyí tó burú jù nígbà kan wá di èyí tó ní oògùn tirẹ̀. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ abẹ́rẹ́ náà mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ń lọ. Abẹ́rẹ́ yìí kò wúlò fún ẹni tí kókó rẹ̀ kò ní HER2 àpọ̀jù. Bí kò bá sí akígbe lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ta ni a fẹ́ dì? Ojú kò sì lè rí i. Dókítà tó mọṣẹ́ jù lọ kò lè fọwọ́ kan kókó kó sì sọ pé HER2 ni. Àfi kí wọ́n gbé èrún kókó náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n fi oògùn kùn ún, kí wọ́n sì fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá níbẹ̀. HER2 ni ẹyọ kan. Méjì yòókù jẹ́ ojú ibi tí họ́mónù obìnrin ń bà sí lára kókó, tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ní ER àti PR. Bí kókó bá ní àwọn wọ̀nyí, ó túmọ̀ sí pé họ́mónù wa ló ń bọ́ ọ, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tamoxifen wà, tí obìnrin á máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti abẹ́rẹ́ yẹn rárá. Fún àwa tí nǹkan oṣù ti dúró lára wa, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tó ń dá ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ aromatase dúró, èyí tó máa ń ṣe họ́mónù náà láti inú ọ̀rá ara wa. Ẹ́ńsáìmù tún ni o!

Bí kókó kò bá ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Èyí náà wà, ó sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ọmọ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Chicago, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ kókó ọyàn obìnrin 507 wò láti Nàìjíríà àti Senegal. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin náà tí kókó wọn kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní HER2 àpọ̀jù. Púpọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ọmọ 50 ọdún. Fún àwọn tí kò ní ọ̀kankan yìí, omi oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí ara ni dókítà sábà máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ kan ni à ń pè, jẹjẹrẹ ọyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo? Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi ṣí ìsọ̀ tiyín, ilẹ̀kùn ló máa bà jẹ́.

Ohun kan tún wà tí nọ́ọ̀sì yẹn tẹnu mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́jú èrún kókó náà lè ṣi ìdáhùn lọ́nà. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja tútù, ẹ mọ̀ pé ẹja tó bá pẹ́ nínú òòrùn ti yí padà kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ara. Kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n gé e kó tó wọ inú omi fọ́málìn, kì í ṣe omi lásán, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n dì lẹ́nu. Bí ó bá pẹ́ níta, àmì ara rẹ̀ lè pa rẹ́, wọ́n á wá kọ ọ́ pé kò ní nǹkan kan nígbà tó jẹ́ pé ó ní. Ìwé á parọ́ mọ́ obìnrin, yóò sì pàdánù oògùn tó bá a mu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní, "Akọ̀wé, kì í ṣe ẹ́ńsáìmù, ọfà ni wọ́n ta sí i." Mo ti gbọ́ ọ rí, wọ́n tilẹ̀ ti fi ojú burúkú wo ìyá ọkọ arábìnrin wa yẹn títí òní. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run. HER2 àpọ̀jù kì í ràn, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan gbé ránṣẹ́ sí ẹnìkan. Inú kókó náà gan-an ni ìwé àṣẹ ti di púpọ̀. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ ọyàn mìíràn wà tó ń bá ìdílé rìn. Nínú obìnrin 1,136 tó ní in tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àbùkù inú ẹ̀jẹ̀ tó lè ti ìdílé wá. Bí ìyá bá ní in, tí ọmọ tún ní in, kì í ṣe pé àjẹ́ ń jẹ ilé náà. Ẹ má ṣíwọ́ àdúrà o. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ká máa gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ìyá wa àgbà kan sì bi mí ní ìpàdé pé, "Bí ìwé bá sọ pé HER2 ni, ta nínú wa ló lówó abẹ́rẹ́ òyìnbó?" Ìbéèrè gidi ni, n kò ní fi ẹ̀rín bò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gba abẹ́rẹ́ náà fún ọdún kan, wọ́n á sì máa yẹ ọkàn wò nítorí pé ó lè yọ ọkàn lẹ́nu. Owó náà wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èsì mi.

Èkíní, ìwé kò ní bá gbogbo ènìyàn pe HER2. Ó lè jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tí owó ìsọ̀ lè rà ni ìwé máa pè, ẹ ó sì ti máa sunkún lórí owó tí ẹnikẹ́ni kò bi yín. Èkejì, ẹni tí kò ní ìwé lè ta ilẹ̀ ra oògùn tí kò bá a mu. Ẹ̀kẹta, ilé iṣẹ́ Roche tó ń ṣe Herceptin àti àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ti bá ara wọn ṣe àdéhùn láti bá aláìsàn gbé nínú owó náà ní àwọn ilé ìwòsàn kan. Ẹ béèrè rẹ̀ níbi tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn dókítà wa ní Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó náà ti fún àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ní HER2 ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ, nínú ìwádìí kan tó ń jẹ́ ARETTA. Gbogbo ìwọ̀nyí, ìwé àyẹ̀wò ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹni tí kò ní ìwé, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ẹ̀kẹrin sì ni pé, bí àwa obìnrin Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré bá fẹ́ lọ bá ìjọba ní Adó pé kí wọ́n bá wa gbé ẹrù yìí, kí ni a fẹ́ mú lọ́wọ́? Ẹkún nìkan? Tí a bá kó ìwé jọ, tí a lè sọ pé obìnrin báyìí báyìí ní HER2, báyìí báyìí nílò tábúlẹ́ẹ̀tì, wọn á mọ̀ pé a mọ ohun tí à ń sọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ fọwọ́ sí.

Àkọ́kọ́, kí a yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa, kí a sì dín aṣọ ẹgbẹ́ kù, kí a fi dá àpò kan sílẹ̀ tí yóò máa san owó àyẹ̀wò kókó ọyàn fún ọmọ ẹgbẹ́. Àyẹ̀wò ni mo wí o. N kò sọ pé ẹgbẹ́ lè san owó ìtọ́jú títí dé òpin.

Ìkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe dá lọ fún iṣẹ́ abẹ ọyàn. Kí ẹnìkan bá a lọ, kí ẹni náà béèrè kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ: Ṣé ẹ ó fi èrún rẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò? Ṣé fọ́málìn wà nílẹ̀? Ṣé ẹ ó ṣe ti ER, PR àti HER2? Ọjọ́ wo ni ká wá gba ìwé? Ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, Àkúrẹ́ kò sì jìnnà sí àwa ará ìhà gúúsù. Bí wọn kò bá ṣe gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí.

Ìkẹta, kí ìwé náà má sọnù. Kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé bí ẹ bá fẹ́, n ó tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ HER2 pẹ̀lú 3, ó túmọ̀ sí pé ó ní in. Bí ó bá jẹ́ 0 tàbí 1, abẹ́rẹ́ Herceptin kọ́ ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2, wọn kò tíì lè sọ, àyẹ̀wò mìíràn ló kù. Kí dókítà ṣàlàyé ìyókù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi já yín láyà. Ọ̀pọ̀ kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá kan kókó lọ́yàn lónìí, tàbí tí orí ọmú rẹ̀ ń wọ inú, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kó má dúró de ìgbà tó máa dùn ún. Ti arábìnrin wa kò dùn ún.

Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè nígbà yẹn, ó sì wà lọ́rùn mi. Ẹ jẹ́ ká béèrè fún ti ẹni tó kù.

Ọlọ́run á dá ọyàn wa sí o, ọjà á sì tà.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́